Fèrèsé Bọ̀ọ̀dá Àyọ̀délé àti Ìlú tí Oòrùn Kì í Wọ̀

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí ní Ìjerò, látorí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì dé orí ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí Ìkọ̀gòsì lọ́jọ́ Sátidé: "Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ni pé oòrùn kì í wọ̀ níbi tẹ́ ẹ lọ?" Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní kí n rọra máa sinmi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ mi ò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí oòrùn. Orí fèrèsé ni mo ní láti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀.

Kí n tó lọ

Yàrá kan wà nílé bàbá wa tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn. Bí ojúmọ́ bá ń mọ́, yàrá yẹn ni ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ máa ń wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Àyọ̀délé, ló ń gbé ibẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń ti oko kòkó bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń kọlu igi àti ewúrẹ́, a sì rò pé ẹmu ni, títí di ọjọ́ tí ìyàwó pásítọ̀ bá a níbi tó ti dúró tó ń fi ọ̀wọ̀ kí òpó iná, tó ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sán pàápàá ṣú mọ́ ọn lójú.

Síbẹ̀, òun ni olórí ilé, òun ló sì ń lu agogo àdúrà òwúrọ̀. Agogo ọlọ́wọ́ ni, irú èyí tí a fi ń pe ọmọ ilé-ìwé wọlé. Kò ní aago, kò gbọ́ rédíò, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, bí ilẹ̀ bá ti ń là, ẹ ó gbọ́ agogo Bọ̀ọ̀dá. Àwọn aládùúgbò ń fi í mọ ìgbà tí wọ́n á gbé omi kaná.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì níbi tí mo ti ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì ní Àrámọ̀kọ́, mo kó ìwé mi wálé, páálí lórí páálí. Mo nílò ìmọ́lẹ̀ láti kà wọ́n. Mo wo gbogbo yàrá, mo wá sọ níwájú gbogbo ilé pé, "Kí ni afọ́jú fẹ́ fi fèrèsé ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n létí èmi fúnra mi. Bọ̀ọ̀dá ká ẹní rẹ̀, ó gbé agogo rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Tíṣà. Ìwọ lo kàwé." Ó bọ́ sí yàrá inú, èyí tí kò ní fèrèsé kankan. Orúnkún ń dùn ún, kì í jáde mọ́, nítorí náà ibẹ̀ ló ń jókòó láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, agogo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ó lù ní aago méje. Lẹ́yìn ìyẹn, aago mẹ́wàá. Kí oṣù tó parí, ọ̀sán gangan ni Bọ̀ọ̀dá ń pe àdúrà òwúrọ̀, tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá sọ fún un pé ọ̀sán ti pọ́n, á ní irọ́ ni, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, ara òun sì mọ ìdájí. Ìyá Ìbejì, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bàbá kékeré, Bàbá ti ń ṣarán." Mo mi orí bíi dókítà. Mo ní ọjọ́ ogbó ni.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí Mojísọ́lá ọmọ mi ní kí n wá kí òun ní Nọ́wè.

Ìlú tí kò sí ẹ kú alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fo bàálù àti wàhálà rẹ̀. Ìlú tí Mojí ń gbé wà lókè pátápátá ní ìhà àríwá, níbi tí ilẹ̀ Nọ́wè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tó wá pàdé mi, oòrùn wà lójú ọ̀run bíi ti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Àrámọ̀kọ́.

Mo ní, "Mojí, a tètè dé o."

Ó ní, "Dádì, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá."

Mo wò ó bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò rẹ́rìn-ín. A délé, a jẹun, a gbàdúrà, mo yọjú wo òde. Oòrùn yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ń wò mí bí àlejò tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo múra láti kí àwọn ará àdúgbò, mo sì rí i pé mi ò lè ṣe é. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá kò lè kí ènìyàn láì kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. Ṣé ẹ káàárọ̀ ni, ẹ káàsán ni, àbí ẹ kú ìrọ̀lẹ́? Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ojú ọ̀run.

"Mojí, kí ni wọ́n ń kí ara wọn níbí nígbà tí ilẹ̀ kì í ṣú?"

"Dádì, wọn kì í kí ara wọn."

"Ìjà ni?"

"Rárá o. Àlàáfíà ni."

Mo lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó tì í bó ṣe yẹ kí ènìyàn jókòó ti ẹnìkejì rẹ̀. Ó sún díẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kí n jókòó dáadáa, mo sún tẹ̀ lé e. Ó tún sún. Nígbà tí bẹ́ǹṣì tán, ó dìde dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fi ìjókòó fún àgbàlagbà. Ẹ má sì rò pé òǹrorò ni wọ́n. Lọ́jọ́ náà gan-an, afẹ́fẹ́ gbé fìlà mi lọ, ọmọbìnrin kan tí mi ò rí rí sáré tẹ̀ lé e títí dé etí òkun. Ó gbé e fún mi, ó yí padà, ó lọ.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n ní wàràkàṣì kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọṣẹ ìfọṣọ, tó ń dùn bíi ṣúgà tó jóná. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo jẹ ẹ́. Àmọ́ ohun tó dá mi dúró lójú ọ̀nà ni pánlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á ní ọjà, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ń wá? Wọ́n sá a sórí igi létíkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ sá. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ìdí ààrò ìyá mi. Mo dúró níbẹ̀ tí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ọkùnrin kan tó ń kọjá rí mi tí mò ń sunkún níwájú ẹja, ó sì yára rìn.

Iyán aago méjì

Oorun kọ̀ mí sílẹ̀ ní ìlú yẹn. Mo ń sùn nígbà tó wù ú, mo ń jí nígbà tó wù ú, ebi ń pa mí nígbà tí gbogbo ènìyàn ti yó. Lọ́jọ́ kẹrin, mo jí, mo rí oòrùn lójú fèrèsé, mo wo aago ara ògiri: aago méjì. Mo ní, áà, ọ̀sán ti pọ́n, Mojí á tó ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ jẹ́ kí n gún iyán sílẹ̀ dè é. Ọmọ dáadáa ni ọmọ mi, ó ní odó kékeré nílé. Mo se iṣu, mo ká apá aṣọ mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀. Èkìtì ni mí. Bí mo bá ń gún iyán, ẹ máa gbọ́.

Mi ò tíì gún un débi tó fẹ́ kúnná tí ẹnìkan fi ń gbá ilẹ̀kùn. Bàbá kan ni, onírun funfun, tó wọ ṣòkòtò péńpé ìsùn, tó gbé òòlù dání. Lẹ́ẹ̀kan náà, Mojí jáde láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsùn.

Mo ní, "Ìgbà wo lo ti ibi iṣẹ́ dé?"

"Dádì! Aago méjì òru ni!"

Bàbá náà ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Arne lorúkọ rẹ̀. Ó sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun rò pé olè ń wó ògiri ni. Mojí ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò lè jẹ́ kí àgbàlagbà dé bá mi lórí iyán kó lọ láìjẹ. Mo bu iyán, mo bu ọbẹ̀ pánlá lé e. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀kì, ó gé iyán bí àkàrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún un lẹ́nu. Ó rún un, ó rún un, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lọ ń bọ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ gbé e mì!"

Ó ní, "Láì rún un?"

"Ta ló ń rún iyán lẹ́nu?"

Ó gbé òkèlè kejì mì, ojú rẹ̀ là. Ó parí àwo náà, ó nu ẹnu, ó sọ gbólóhùn tó gùn jù lọ tí mo gbọ́ lẹ́nu ará ìlú yẹn: "Ní ìgbà òtútù ni kí ẹ wá. Nígbà yẹn, òru là ń rí ní ọ̀sán. Orí èmi náà máa ń dàrú." Ó gbé òòlù rẹ̀, ó lọ.

Ìsápá inú àpò dúdú

Lẹ́yìn tí ó lọ, Mojí ta aṣọ dúdú sí ojú fèrèsé mi. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ wo ohun kan nínú ilé gíláàsì tó wà lẹ́yìn ilé. Ìsápá ni, tó gbìn sínú ìkòkò. Àwọn kan ga jù mí lọ, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ wọn ò ní òdòdó kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, láìsí òdòdó, ìsápá ò lè so ohun tí a fi ń se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí Mojí ń fi àpò dúdú bò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tó sì ń ṣí ní àárọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ti ń yọ òdòdó.

Ẹ rántí pé nílé, ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí òru sì ń gùn sí i ni ìsápá ń tanná. Ọmọ mi ṣe òru Èkìtì fún un.

Iṣẹ́ tí Mojí ń ṣe ni láti wo bí ohun abẹ̀mí ṣe ń mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ wà. Ó ní, "Pròtéènì kan wà nínú ewé yìí, Dádì." Kì í ṣe ti inú ẹ̀wà àti ẹyin tí a máa ń sọ fún àwọn aboyún o. Èyí kéré débi pé ojú ò lè rí i, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń yí ìdúró rẹ̀ padà. Bí oòrùn bá kàn án, ó dúró báyìí. Bí ó bá pẹ́ nínú òkùnkùn, á rọra padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí igi náà ṣe ń mọ bí òru ṣe gùn tó nìyẹn, láì ní ojú, láì ní aago.

Mo ní, "Irú rẹ̀ wà lójú ènìyàn pẹ̀lú. Mo kọ́ ọ ní yunifásítì."

Inú mi dùn, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mo mọ̀. Mo rántí yàrá ìwádìí wa, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń pa nǹkan mọ́, àti olùkọ́ wa, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní ká la ẹyinjú màlúù. Mo gbé abẹ, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó dúró tì mí gba abẹ lọ́wọ́ mi, ó là á bí ẹni ń la ọsàn. Òun ló wá di ìyá Mojí. Ó ti sùn báyìí, ní ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Mo ní, "Sẹ́ẹ̀lì oríṣi méjì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹyinjú. Àwọn tó rí bí ọ̀pá, fún àṣálẹ́. Àwọn tó rí bí kóònù, tó ṣóńṣó lẹ́nu, fún ọ̀sán àti àwọ̀. Oríṣi méjì péré."

"Mẹ́ta, Dádì."

"Méjì. Mo gba máàkì lórí rẹ̀."

"Lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ gba máàkì ni wọ́n rí ẹ̀kẹta." Ó ṣàlàyé pé ẹ̀kẹta ò pọ̀, ó sì ní pròtéènì tirẹ̀. Kì í ríran. Kò mọ ojú ènìyàn, kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́, ilẹ̀ ti ṣú, kí gbogbo ara lè tò. "Ohun tó ń dà yín láàmú níbí nìyẹn. Ó ń sọ fún ọpọlọ yín tọ̀sán tòru pé ọ̀sán ni."

Mo ń rẹ́rìn-ín. Ó wá fi kún un pé, "Ó tiẹ̀ máa ń wà lójú àwọn afọ́jú kan. Ẹni tí àwọn ọ̀pá àti kóònù rẹ̀ bá ti kú tán, tó jẹ́ pé ìríran àṣálẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ̀kẹta lè ṣì wà láàyè. Kò ríran, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bá ń kan ojú rẹ̀ dáadáa, ara rẹ̀ á mọ̀. Bí kò bá rí i, aago inú ara rẹ̀ á máa falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Dádì? Kí ló dé?"

Mo ti jókòó sórí ìkòkò ìsápá.

Mo sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé náà fún un. Mi ò fi ohunkóhun pamọ́, àní gbólóhùn tí mo sọ níwájú gbogbo ilé. Mojí fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo àpò dúdú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìsápá tèmi, mo ń ṣí i láàárọ̀."

Ìdágbére

Ọjọ́ kejì, Ìyá Ìbejì pè. "Bàbá kékeré, àwọn ìbejì ti ilé-ìwé dé lánàá, aago mẹ́ta ọ̀sán, Bàbá tún ní kí wọ́n kúnlẹ̀ àdúrà òwúrọ̀. A ò lè máa bá a lọ báyìí. Àwọn ẹbí ti Ẹ̀fọ̀n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n á gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ máa lù ú."

Bọ̀ọ̀dá ti fi oko sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti lọ, ó ti fi fèrèsé sílẹ̀. Agogo ló kù tó fi jẹ́ olórí ilé.

"Ìyá Ìbejì, wọn ò gbọdọ̀ gbà á! Pròtéènì kẹta ló ń dà á láàmú!"

Ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ fún Mojí ní fóònù."

Mo gbọ́ tó ń bi ọmọ mi bóyá òtútù ti wọ̀ mí lórí. Mo rí i pé fóònù ò lè ṣe é. Oṣù kan ni mo sọ pé mo máa lò; mi ò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Arne wá sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ó gbé pánlá kan tó gùn tó apá mi fún mi. Ó wo ilẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e mì." Mo rò pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìdágbére nìyẹn lọ́dọ̀ wọn.

Ilé

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni takisí gbé mi gba Àrámọ̀kọ́ kọjá. Mo dé bá wọn ní pálọ̀. Agogo wà lórí tábìlì. Bọ̀ọ̀dá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀, kò di ohunkóhun mú.

Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ní, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ẹ dé lásìkò. Ẹ gba agogo yín."

Mo ní, "Mi ò gbà á." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ọ̀pá, kóònù, ìsápá, àpò dúdú. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ń ṣàánú mi. Ìyá Ìbejì ti ń gbé omi tútù bọ̀. Mo wá fi bàọ́lọ́jì sílẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá ò ṣarán. Èmi ni mo gba àárọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ padà sí yàrá yín, Bọ̀ọ̀dá mi."

Bọ̀ọ̀dá gbójú sókè. "Kí ni afọ́jú fẹ́ fi fèrèsé ṣe, Tíṣà?"

Bó ṣe jẹ́ gan-an ló dá a padà fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ìyá Ìbejì, kí ló ń ṣe?"

"Wọ́n dọ̀bálẹ̀, Bàbá."

"Ṣé àyà rẹ̀ kan ilẹ̀?"

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò mí. "Ó kù díẹ̀, Bàbá. Ikùn ò jẹ́."

"Sọ fún un kó fà á wọlé."

Mo fà á wọlé. Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Bọ̀ọ̀dá náà rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ wá agogo rẹ̀ lórí tábìlì. Ará Ẹ̀fọ̀n ní kí wọ́n fún un ní oṣù kan, kí wọ́n wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo kó páálí ìwé mi kúrò nídìí fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, agogo ṣì ń rìn ségesège, àwọn ènìyàn sì ń wò mí wò mí. Mo ń gbé àga Bọ̀ọ̀dá sídìí fèrèsé lójoojúmọ́, á kọjú sí òkè bí ẹni ń wo nǹkan. Aago mẹ́wàá. Aago mẹ́jọ. Aago méje. Mò ń ka wákàtí rẹ̀ bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà lórí ẹní, ẹnìkan ń lu agogo létí mi. Mo la ojú, mi ò rí nǹkan kan. Yàrá inú ni mò ń sùn nísinsìnyí. Wọ́n sì ti mú iná lọ.

Bọ̀ọ̀dá ni. "Tíṣà, dìde. Gbogbo ilé ti kúnlẹ̀, ìwọ là ń dúró dè."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ilẹ̀ ò tíì mọ́."

Ó ní, "Ó ti mọ́. Mo ti rí i." Ó wá ọwọ́ mi nínú òkùnkùn, ó dì í mú. "Rọra o, àga wà lọ́tùn-ún rẹ."

Ó fà mí gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, mò ń fi ọwọ́ kejì wá ògiri, títí a fi yọ sí pálọ̀. Òwúrọ̀ ti kún ibẹ̀.